Evelyn Preer, òṣèrébìnrin adúláwọ̀ ìgbà tí sinimá kò lóhùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń dárúkọ àwọn ìràwọ̀ sinimá àtijọ́, orúkọ Evelyn Preer kì í sábà jáde. Ó máa ń dùn mí, torí pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ojú tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń sanwó láti lọ wò ní sinimá ni ojú rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ máa ń béèrè ni mo kó jọ síbí.

Ta ni Evelyn Preer?

Òṣèrébìnrin adúláwọ̀ ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1919 títí dé 1932 ló fi ṣeré nínú fíìmù àti lórí ìtàgé, ó sì tún kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Òun ni Oscar Micheaux, olùdarí fíìmù adúláwọ̀ tó lókìkí jù lọ nígbà náà, máa ń pè lemọ́lemọ́ tó bá ti nílò obìnrin tó máa gbé ìtàn rù. Ẹni ọdún 36 péré ni nígbà tó kú.

Níbo ni wọ́n bí i sí?

Ìlú Vicksburg ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1896. Evelyn Jarvis ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Bàbá rẹ̀ tètè kú, ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Blanche sì mú un lọ sí Chicago, níbẹ̀ ló ti kàwé. Kì í ṣe àwọn nìkan ló rin ìrìn yẹn. Àwọn adúláwọ̀ ń ṣí kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá bí omi: wọ́n ń sá fún òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà, fún gbèsè oko tí kì í tán, àti fún àwọn jàǹdùkú òyìnbó tó ń so èèyàn kọ́ sórí igi láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé fíìmù kan ṣoṣo tó kù tí a fi lè mọ̀ ọ́n dáadáa, Within Our Gates tí Micheaux darí, orí ìrìn láàárín gúúsù àti àríwá yìí gan-an ló dúró lé.

Báwo ló ṣe wọ iṣẹ́ fíìmù?

Ìwàásù ló gbé e débẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ máa ń dúró lójú pópó ní Chicago, wọ́n á máa wàásù, wọ́n á sì máa gba owó ìtìlẹ́yìn fún ìjọ wọn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ibẹ̀ ni Micheaux ti rí i. Ó tún ti fọwọ́ kan eré ìtàgé díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pa orin, ijó àti àwàdà pọ̀ sí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìwàásù yìí gan-an. Ẹni tó bá ti dúró ní ìkóríta rí, tó fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lọ dúró gbọ́ òun, á ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi ojú àti ọwọ́ pe èèyàn kó tó la ẹnu. Nígbà tó sì dé iwájú kámẹ́rà tí kò gbọ́ ohùn rárá, ojú àti ọwọ́ náà ló kù fún un láti lò.

Ta ni Oscar Micheaux?

Wọ́n bí i ní 1884 ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, kó tó lọ gba ilẹ̀ oko ní South Dakota, níbi tó jẹ́ pé òyìnbó ló yí i ká. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé, tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó sì ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ilé iṣẹ́ fíìmù àwọn adúláwọ̀ kan, Lincoln Motion Picture Company, fẹ́ fi ìwé rẹ̀ The Homesteader ṣe fíìmù. Micheaux ní òun gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú dídarí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, ló bá dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ta ìpín ìdókòwò fún àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní agbègbè Sioux City, òyìnbó sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1919 ni wọ́n kọ́kọ́ fi The Homesteader han gbogbo èèyàn ní Chicago. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà máa darí. Evelyn Preer ló ṣe Orlean, ọmọ pásítọ̀ tó kó sí àárín ọkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ fún olùdarí, fíìmù àkọ́kọ́ fún òṣèré. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kan mọ́ lónìí.

Kí ló dé tí àwọn adúláwọ̀ fi ní fíìmù tiwọn lọ́tọ̀?

Nítorí ohun tí Hollywood ń fi wọ́n ṣe. Nínú fíìmù òyìnbó, adúláwọ̀ á jẹ́ ìránṣẹ́, aláwàdà tó jẹ́ ojo tàbí ọ̀daràn. Nígbà mìíràn pàápàá, wọn kì í pe adúláwọ̀ sí i, òyìnbó á kàn kun ojú dúdú ni. Ní 1915, D. W. Griffith gbé The Birth of a Nation jáde, fíìmù tó sọ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń ṣe adúláwọ̀ níkà, di akọni, tó sì sọ ọkùnrin dúdú di ẹranko tó ń lé obìnrin òyìnbó kiri. Wọ́n fi hàn nínú ilé ààrẹ Amẹ́ríkà gan-an. Owó tó pa kò ṣeé fẹnu sọ.

Àwọn adúláwọ̀ náà kò lè jókòó pa pọ̀ pẹ̀lú òyìnbó ní ọ̀pọ̀ ilé sinimá. Wọ́n á ní kí wọ́n lọ sókè lẹ́yìn, tàbí kí wọ́n wá lóru nígbà tí òyìnbó bá ti lọ sílé. Ni àwọn ilé sinimá tó jẹ́ pé adúláwọ̀ ló ń wọ̀ ọ́ bá ń pọ̀ sí i ní Chicago, New York àti láwọn ìlú gúúsù, wọ́n sì ń wá fíìmù tí dókítà, olùkọ́, lọ́yà, àgbẹ̀ àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀ á jẹ́ adúláwọ̀. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni Preer fi dàgbà sínú iṣẹ́.

Tí fíìmù kò bá lóhùn, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń lọ?

Wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ sáàárín àwòrán. Ojú ìwé dúdú kan á yọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun lára rẹ̀, á sọ ohun tí ẹni náà wí tàbí ibi tí ìtàn dé, lẹ́yìn náà àwòrán á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀wé á máa kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ilé sinimá náà kò sì dákẹ́ rárá: ẹnì kan á máa tẹ dùùrù, ilé sinimá tó bá sì tóbi á ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Vendome Theater ní Chicago, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi Within Our Gates, fíìmù Preer tó gbajúmọ̀ jù, hàn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí èèyàn ń lọ tìtorí orin bí wọ́n ṣe ń lọ tìtorí àwòrán.

Kí ni ìtàn Within Our Gates?

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ìparí rẹ̀ kó tó wò ó, kó fo ìdáhùn yìí.

Sylvia Landry ni Preer ṣe, obìnrin olùkọ́ kan láti gúúsù. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ já a jù sílẹ̀ nítorí ọ̀tẹ̀ tí Alma, ìbátan rẹ̀, dì mọ́ ọn, ó sì padà sí gúúsù lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Piney Woods. Àwọn ọmọ ń ya wọlé, owó kò sí. Fíìmù náà sọ fún wa pé dọ́là 1.49 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń ná lórí ọmọ dúdú kan lọ́dún. Sylvia wá lọ sí Boston láti wá 5,000 dọ́là kí ilé ẹ̀kọ́ má bàa kógbá sílé.

Ní Boston, olè já báàgì rẹ̀ gbà, dókítà adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Vivian sì bá a gbà á padà. Lẹ́yìn èyí ló sáré fa ọmọdé kan kúrò níwájú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì gbá òun alára. Obìnrin òyìnbó olówó kan, Ìyáàfin Warwick, ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Sylvia wá ṣe, inú rẹ̀ yọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin gúúsù kan wá ń ta kò ó, ó ní kí ló dé tó fẹ́ fowó ṣòfò lórí ìwé fún àwọn dúdú, kó kúkú fún Old Ned, oníwàásù kan, ní 100 dọ́là, torí pé ó ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti gba ipò wọn. Ìyáàfin Warwick ronú sí i, ó sì kọ 50,000 dọ́là fún ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ìdajì tó kù ló le. Alma jẹ́wọ́ fún Dókítà Vivian, ó sì sọ ìgbà èwe Sylvia fún un. Ìdílé Landry tí wọ́n ń dáko fún olóko òyìnbó kan, Gridlestone, ló gbà á tọ́. Torí pé Sylvia mọ̀wé, òun ló bá bàbá tó gbà á tọ́ ṣe ìṣirò owó rẹ̀, wọ́n sì rí i pé Gridlestone ti ń rẹ́ ẹ jẹ. Bàbá náà lọ fi ìṣirò hàn án. Bí wọ́n ṣe ń ṣàríyànjiyàn lọ́wọ́, òyìnbó tálákà kan tí Gridlestone ti fìyà jẹ yìnbọn wọlé láti ojú fèrèsé, olóko kú. Efrem, ọmọ ọ̀dọ̀ adúláwọ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́jọ́, sáré lọ sọ fún àwọn òyìnbó pé Landry ló pa á. Wọ́n dẹ ìdílé náà bí ẹran nínú igbó ẹrẹ̀, wọ́n sì so bàbá àti ìyá kọ́. Ọmọkùnrin kékeré wọn ṣe bí ẹni tó kú, ó bẹ́ sórí ẹṣin, ó sá lọ. Efrem fúnra rẹ̀ kò bọ́: nígbà tí wọn kò tíì rí àwọn Landry, òun ni wọ́n kọ́kọ́ so kọ́.

Ní àsìkò kan náà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò olóko tó kú náà bá Sylvia nìkan nílé, ó sì fẹ́ fipá bá a lò. Micheaux ń gé wá gé lọ láàárín iná tí wọ́n dá sábẹ́ òkú àti ìjàkadì inú yàrá. Ọkùnrin náà fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sì rí àpá kan ní àyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀. Àpá yẹn ló fi mọ̀ pé ọmọ tí òun fúnra òun bí ni Sylvia. Kò pẹ́ sí ìgbà tí wọ́n sọ gbogbo èyí tán ni fíìmù parí pẹ̀lú ìgbéyàwó Sylvia àti Dókítà Vivian.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ dá fíìmù náà dúró?

Ẹ wo ìlú tó ti fẹ́ jáde. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1919, ọmọkùnrin adúláwọ̀ ẹni ọdún 17 kan, Eugene Williams, ń wẹ̀ nínú adágún Michigan, ó rá kọjá sí apá tí àwọn òyìnbó ka sí tiwọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ lókò, ó kú sómi. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago fún ọjọ́ mélòó kan. Èèyàn 38 ló kú, adúláwọ̀ 23, òyìnbó 15. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ tí Micheaux gbé fíìmù tó fi bí wọ́n ṣe ń so adúláwọ̀ kọ́ hàn wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò nínú ìlú yẹn kan náà.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì, àwọn kan ní ìbínú á tún bẹ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn ní ìwà tí inú rẹ̀ fi hàn ni kó dẹ́kun, kì í ṣe fíìmù. Àwọn tó fẹ́ kó jáde ló borí, wọ́n sì fi hàn ní Vendome ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1920. Síbẹ̀, bó ṣe ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gé e: níbì kan wọ́n á yọ ìsokọ́, níbòmíràn wọ́n á yọ ìjàkadì. Àwọn onísinimá mìíràn ní gúúsù kò tiẹ̀ gbà á rárá.

Kí ni kí n máa wò nínú bí Preer ṣe ṣeré?

Ìfarabalẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré ìgbà yẹn á máa jù apá, wọ́n á la ojú kalẹ̀, torí wọ́n rò pé bí ohùn kò ṣe sí, àfi kí ara pariwo. Preer kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó ní Boston, nígbà tí ọ̀nà kò là, tí owó kò sì wọlé. Kì í sunkún. Ojú rẹ̀ á kàn kúrò lára ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, á lọ jìnnà, ẹ̀yin náà á sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Piney Woods ló ń rò.

Nígbà tó wá kan ìjàkadì inú yàrá, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn á tú dà sílẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó oko ní ìrọ̀lẹ́ náà ló ń fi gbogbo agbára rẹ̀ jà. Nítorí pé a ti rí i bó ṣe ń farabalẹ̀, ìjà náà ń dunni dé egungun.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìran Old Ned fo yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Preer kò sí níbẹ̀. Àwọn òyìnbó méjì fi oníwàásù náà ṣẹ̀sín, ọ̀kan gbá a nípàá ní ìdí, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì sọ pé òun ti tún ta ogún ìbí òun, bí Ísọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dá fíìmù náà dúró, mo sì jókòó díẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú.

Báwo ni fíìmù náà ṣe dé Spéìn?

Wọ́n ti rò pé ó ti sọnù pátápátá. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló yọ ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba Spéìn ní Madrid, ní ìparí àwọn ọdún 1970. La Negra ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn obìnrin dúdú. Èdè Spéìn ni wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí, mẹ́rin péré ló kù ní Gẹ̀ẹ́sì. Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, tún un ṣe, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1993. Wọ́n ní láti tú ọ̀rọ̀ náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì fara wé bí Micheaux ṣe ń kọ̀wé nínú àwọn ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kà nínú rẹ̀ lónìí kì í ṣe ohun tí àwọn ará Vendome kà gẹ́lẹ́. Ojú Preer nìkan ni ẹnikẹ́ni kò túmọ̀.

Àwọn fíìmù aláìlóhùn rẹ̀ mìíràn ńkọ́?

Orúkọ wọn ló kù. The Brute jáde ní 1920: Preer ṣe ìyàwó ọ̀daràn kan tó ń lù ú, Sam Langford, abẹ̀ṣẹ́ tí ayé mọ̀, sì wà nínú rẹ̀. The Gunsaulus Mystery ti 1921 fà láti inú ẹjọ́ Leo Frank, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ọmọbìnrin kan, ẹjọ́ tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Atlanta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Deceit, Birthright, The Conjure Woman tí wọ́n fi ìtàn Charles Chesnutt ṣe, The Devil's Disciple àti The Spider's Web. Nínú gbogbo fíìmù aláìlóhùn tó bá Micheaux ṣe, Within Our Gates nìkan la rí.

Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló sọnù. Nínú ìwádìí tí Library of Congress tẹ̀ jáde ní 2013, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn tí Amẹ́ríkà ṣe ló ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ike tí wọ́n ń lò nígbà náà, nitrate, máa ń tètè gbaná, tí kò bá sì jóná, á rọ̀, á di ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ní ilé ìpamọ́ àti ẹ̀dà rẹpẹtẹ. Ẹ̀dà díẹ̀ ni Micheaux ní, ó ń gbé wọn kiri láti sinimá kan sí òmíràn títí wọ́n á fi gbó. Ẹ̀mí iṣẹ́ Preer kéré látìgbà tó ti ń ṣe é.

Ṣé fíìmù nìkan ló ṣe?

Rárá o. Tí ẹ bá bi àwọn ará ìgbà rẹ̀, ìtàgé ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1920 ló dara pọ̀ mọ́ Lafayette Players, ẹgbẹ́ eléré tí Anita Bush dá sílẹ̀ ní New York ní 1915. Wọ́n ń ṣe eré tí ń bẹ ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, fún àwọn adúláwọ̀ tí wọn kò gbà láàyè láti jókòó ní Broadway, wọ́n sì ń rìn káàkiri ìlú. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ẹgbẹ́ Ogunde ṣe ń kó ẹrù eré sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú nílẹ̀ wa á lóye irú ìgbé ayé yẹn: eré tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun láti há sórí, ìlú tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1923, ẹgbẹ́ Ethiopian Art Players láti Chicago wọ Broadway, Preer sì ṣe Salome. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gbé eré Willis Richardson, The Chip Woman's Fortune, jáde níbẹ̀, eré àkọ́kọ́ tí kì í ṣe olórin tí adúláwọ̀ kọ tó dé Broadway.

Ní 1926 ó wà nínú Lulu Belle tí David Belasco gbé jáde. Obìnrin adúláwọ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn, ṣùgbọ́n Lenore Ulric, òyìnbó, ló ṣe é, wọ́n kùn ún lójú. Evelyn Preer wà lórí ìtàgé kan náà, nínú ipò kékeré. Mi ò lè ka èyí kí inú mi má ru. Ní 1928, nígbà tí Lafayette Players ti lọ sí Los Angeles, ó ṣe Sadie Thompson nínú Rain, àwọn èèyàn sì gbé e gẹ̀gẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ó bá Duke Ellington ṣiṣẹ́?

Òótọ́ ni. Ó kọrin sínú àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ellington, gbajúmọ̀ olórin jásì, ní 1927, ó sì tún bá Red Nichols, olórin jásì mìíràn, kọrin. Èyí sì ṣe pàtàkì, torí pé ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí fíìmù wá lóhùn, ṣé ó jàǹfààní rẹ̀?

Ó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn òṣèré kan tí fíìmù aláìlóhùn sọ di ọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Preer ti fi ohùn jẹun lórí ìtàgé. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Christie pè é sínú Melancholy Dame àti àwọn eré kékeré mìíràn tí gbogbo òṣèré inú wọn jẹ́ adúláwọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ìtàn Octavus Roy Cohen, òyìnbó gúúsù kan, ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ tí Cohen rò pé adúláwọ̀ ń sọ ni wọ́n ní kí wọ́n máa sọ, àti ẹni tó ti ṣe Salome ní Broadway. Síbẹ̀ ó ń ṣe é pẹ̀lú ọ̀yàyà, ẹ sì lè rí i pé ó mọ àwàdà.

Ní 1930 ó ṣe Georgia Rose, fíìmù àwọn adúláwọ̀ tó lóhùn. Ní Hollywood gan-an, ipò kékeré ló ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, bíi ti inú Blonde Venus ní 1932, fíìmù Marlene Dietrich. Ibi tí ọ̀nà rẹ̀ dé nìyẹn. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Àwọn tó ni ilẹ̀kùn ni kò ṣí i fún un.

Ṣé ó lọ́kọ, ṣé ó bímọ?

Ó fẹ́ Edward Thompson ní 1924 nígbà tí wọ́n ń rin ìrìn eré ní Tennessee. Òun náà jẹ́ òṣèré Lafayette Players, wọ́n sì jọ ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀, títí kan Melancholy Dame. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1932 ni wọ́n bí ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin. Edeve ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n mú orúkọ bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá.

Ara Preer kò padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìbímọ náà. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró gbà á ní ìhà méjèèjì, ó sì kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1932. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́jọ.

Ọmọ náà ńkọ́?

Ó wọ ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, ó sì di Sister Francesca Thompson. Ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Fordham ní New York. Lafayette Players, ẹgbẹ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa ẹgbẹ́ yẹn lónìí, òun ló wá a jáde, ó bá àwọn àgbà òṣèré sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ. Ọmọ tí kò rántí ojú ìyá rẹ̀ ló ṣa iṣẹ́ ìyá rẹ̀ jọ. Nínú gbogbo ìtàn Preer, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ǹjẹ́ Preer fúnra rẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1927 ó kọ ìrírí rẹ̀ nínú iṣẹ́ fíìmù sínú Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn adúláwọ̀. Ẹni tó bá lè dé ilé ìkàwé tó ní àwọn ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀, kó wá a.

Níbo ni mo ti lè wo Within Our Gates lọ́fẹ̀ẹ́?

Kò sí ẹni tó ni ín mọ́ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, torí náà ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìkànnì Library of Congress àti lórí YouTube. Ó tó bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ẹ̀dà kan lórí YouTube ti ṣú tàbí wọ́n ń sáré jù, ẹ yẹra fún wọn. Ilé iṣẹ́ Kino Lorber tún gbé àkójọ iṣẹ́ àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù jáde ní 2016, fíìmù yìí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orin DJ Spooky. Àwòrán tibẹ̀ mọ́ jù.

Ẹ má wò ó lójú fóònù nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ń yọ lójú rẹ̀ pọ̀, ìtàn rẹ̀ sì ń padà sẹ́yìn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ á sọnù. Tí orin tí wọ́n fi sí i bá ń dà yín láàmú, ẹ pa ohùn rẹ̀.

Ṣé mo lè jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wò ó?

Èyí tó kéré, rárá, nítorí ìsokọ́ àti ìgbìyànjú ìfipábánilòpọ̀. Ọmọ tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà lè wò ó tí àgbàlagbà bá jókòó tì í.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún rí èyí tó sọnù?

Ó ṣeé ṣe. Mẹ́ta péré nínú fíìmù aláìlóhùn Micheaux ló wà lónìí, òkè òkun sì ni wọ́n ti rí méjì nínú wọn: Within Our Gates ní Spéìn, The Symbol of the Unconquered ní Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n máa ń ta fíìmù sí òkè òkun nígbà yẹn, tó bá sì dé ọ̀hún, wọ́n á yí orúkọ rẹ̀ padà, á jókòó sórí pẹpẹ láìsí ẹni tó mọ ẹni tó ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ fíìmù, tó bá pàdé fíìmù àtijọ́ tí adúláwọ̀ kún inú rẹ̀, kó má fi orúkọ tí wọ́n kọ sí ara agolo rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Kó wo ojú obìnrin inú rẹ̀ dáadáa, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Sylvia Landry.